Canon 700D àti Nikon D7200: èwo nínú kámẹ́rà méjèèjì ni kí ẹni tó ń ya fótò òde rà?

Lọ́sàn-án gangan, níbi òkú àgbà kan ní Bùnú, mo ya bàbá kan tó wọ léèsì funfun lábẹ́ kánópì. Oòrùn ń kan orúnkún wọn, ojú wọn wà nínú ibòji. Nígbà tí mo ṣí fótò náà lórí kọ̀ǹpútà, ọnà ara léèsì ti parẹ́ ní orúnkún, ojú bàbá ò sì hàn. Mo tan ojú náà sí i, ni ìlà àti hóró bí iyanrìn bá yọ bò ó. Àwọn ọmọ wọn ò lè fi fótò yẹn sára ògiri. Ó dùn mí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Okun (Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi) tó ń wá kámẹ́rà tòkunbọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo megapixel nìkan. Dynamic range ni kí ẹ bèèrè: bí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, ṣe lè gba oòrùn àti òjìji pọ̀ sínú fótò kan.

Ẹ wo pixel kọ̀ọ̀kan lórí sẹ́ńsọ̀ bí ìkòkò lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ jẹ́ omi. Tó bá kún, èyí tó ń rọ̀ bọ̀ ṣòfò ni. Ibi tó funfun báláú nínú fótò nìyẹn. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò ni ìlà àti hóró tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ń dá; bó bá pọ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé omi díẹ̀ wọ ibẹ̀.

700D jáde ní 2013, megapixel 18. D7200 jáde ní 2015, megapixel 24. Ìkòkò ti 700D tiẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju ti èkejì lọ. Síbẹ̀, nígbà tí DxOMark, àwọn tó máa ń dán kámẹ́rà wò, wọ̀n wọ́n, 700D ní stọ́ọ̀pù 11.2, D7200 ní 14.6. Stọ́ọ̀pù kan, ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀ ni, nítorí náà ìyàtọ̀ wọn lé ní ìlọ́po mẹ́wàá. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló fà á. Ohun tí ìkòkò 700D bá gbà máa ń jáde kúrò nínú sẹ́ńsọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di nọ́ńbà, ó sì ń kó ìdọ̀tí lọ́nà. Inú sẹ́ńsọ̀ gan-an ni ti D7200 ti ń di nọ́ńbà. Canon náà gba ọ̀nà yìí nínú 80D ní 2016, ó sì ní 13.2. Ẹni tó bá ti ní lẹ́ńsì Canon nílé, 80D ni kó wá.

Ṣùgbọ́n lálẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ kékeré ga) bá ti dé 3200, ìyàtọ̀ náà á dín kù gan-an. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú gbọ̀ngàn lè ra 700D, kó fi owó tó kù ra lẹ́ńsì gidi. Síkírínì ẹ̀yìn 700D tún ṣeé yí, ti D7200 ò ṣeé yí. Tó bá sì jẹ́ JPEG nìkan lẹ ń yà, ìyẹn fótò tí kámẹ́rà ti parí fúnra rẹ̀, ẹ ò ní jẹ èrè D7200 tán. Inú RAW, fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe, ló pọ̀ sí.

Fóònù ńkọ́? HDR rẹ̀ máa ń ya fótò mélòó kan léraléra, á pa wọ́n pọ̀. Ó dáa fún àpáta Ògìdì tí kì í mira. Egúngún tó ń jó lè yọ ọwọ́ mẹ́ta.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú káàdì tí kámẹ́rà ń fi fótò sí dání. Ẹ ní kí ẹni tó wọ funfun dúró sínú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kí inú ṣọ́ọ̀bù ṣókùnkùn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ISO 100 àti RAW yà á, kí ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù títí òwú aṣọ náà á fi hàn. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ gbé òkùnkùn yẹn sókè ní stọ́ọ̀pù mẹ́ta. Tí ẹ bá rí ọjà orí pẹpẹ kedere, ẹ padà lọ sanwó. Tó bá jẹ́ ìlà lẹ rí, ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà.