Hítà ara ògiri tàbí rédíétọ̀ ilẹ̀: èwo ni kí ẹ rà kí òtútù tó dé?

Bí oṣù Kẹwàá bá ti wọlé báyìí, fóònù mi ò ní sinmi mọ́. Iṣẹ́ wáyà iná ni mo ń ṣe ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, àwọn èèyàn wa tó wà ní Peckham àti Woolwich ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń pè mí. Ìbéèrè kan náà ni: "Ẹ̀gbọ́n, hítà wo ni kò ní jẹ iná?"

Ìdáhùn mi kì í dùn mọ́ wọn nínú. Kò sí. Yálà hítà náà jẹ́ 30 pọ́n-ùn tàbí 400 pọ́n-ùn, gbogbo iná tó bá jẹ ló ń sọ di ooru. Yúníìtì kan wọlé, ooru yúníìtì kan jáde, ó parí. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ta yọ ni heat pump, tó ń fa ooru wọlé látinú afẹ́fẹ́ ìta, ìyẹn lè fún yín ní ooru tó tó ìlọ́po mẹ́ta iná tó jẹ. Àmọ́ owó rẹ̀ àti iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó háyà yàrá méjì. Nítorí náà, tí ẹ bá rí ìpolówó hítà kékeré kan tó ní òun máa mú gbogbo ilé gbóná pẹ̀lú kọ́bọ̀, ẹ kọjá lára rẹ̀.

Ohun tí ẹ ń fowó rà gan-an ni ibi tí ooru yẹn máa gbà lọ, bó ṣe máa yára dé, bó ṣe máa pẹ́ nílẹ̀, àti bóyá ọkàn yín máa balẹ̀ láti sùn nínú ilé tó wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yàtọ̀ síra.

Pánẹ́ẹ̀lì ara ògiri àti rédíétọ̀ olóìlì

Àwọn méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ro láàárín ara wọn. Pánẹ́ẹ̀lì jẹ́ àpótí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Afẹ́fẹ́ tútù ń gba ìsàlẹ̀ wọ inú rẹ̀, wáyà tó gbóná ń mú un móoru, ó sì ń gba òkè jáde. Kò pẹ́ tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára. Bí ẹ bá sì pa á, kò pẹ́ tó fi tutù. Olóìlì kì í kánjú. Ó máa gba àkókò kó tó gbóná dáadáa, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá pa á, óìlì inú rẹ̀ ṣì máa mú ooru dání fún sáà kan. Kì í pariwo rárá. Táyà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sì sí pé à ń lu ihò sára ògiri, èyí ló jẹ́ kí n máa júwe rẹ̀ fún ayálégbé tí onílé rẹ̀ le.

Síbẹ̀, tó bá jẹ́ ilé ara yín, tàbí tí onílé bá gbà, pánẹ́ẹ̀lì ni mo máa ń sọ pé kí ẹ rà. Ọmọ kò lè gbá a ṣubú. Kò gba àyè ilẹ̀. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé láti oṣù Kìíní ọdún 2018, òfin ilẹ̀ Yúróòpù, tí Ìlú Ọba ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn, ti mú kí àwọn tó ń ṣe hítà tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri fi thermostat gidi tó ń ṣọ́ ooru yàrá sí i, pẹ̀lú táìmà tí ẹ lè tò fún ọjọ́ méjèèje ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ olóìlì tó wà lọ́jà kò ní ju bọ́tìnnì yíyí kan lọ.

Táìmà yẹn gan-an ni owó wà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Hítà 2 kílówáàtì tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 4 láìdúró máa jẹ yúníìtì 8. Ká ní yúníìtì kan jẹ́ pẹ́ńsì 25, pọ́n-ùn 2 lójúmọ́ nìyẹn, pọ́n-ùn 60 lóṣù, fún yàrá kan péré. Tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ títí ẹ fi lọ ibi iṣẹ́ fún wákàtí 8, ẹ ti fi pọ́n-ùn 4 yáná fún àga àti tẹlifíṣàn. Ẹ tò ó kó tàn ní nǹkan bí ìdajì wákàtí kí ẹ tó jí, kó kú nígbà tí ẹ bá ń jáde. Ẹ má sì yí i dé 25 lérò pé á yára gbóná. Bó ṣe ń gbóná fún 18 náà ló ń gbóná fún 25, àṣejù ló kàn máa ṣe. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ilé lásìkò òtútù. Ẹni tó bá ní àgbàlagbà tàbí ọmọ ọwọ́ lè gbé e sókè díẹ̀.

Ní ti bó ṣe yẹ kó tóbi tó, mo máa ń fi 100 wáàtì ka mítà onígun mẹ́rin kan nínú yàrá tí ògiri àti fèrèsé rẹ̀ dára. Yàrá tó fẹ̀ mítà 3 tó gùn mítà 4 ń béèrè 1,200 wáàtì. Ẹ ra 1,500. Tí atẹ́gùn bá ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ẹ kọ́kọ́ dí ibẹ̀ ná.

Infrared àti onífáànù

Infrared ò bá afẹ́fẹ́ ṣe. Ara èèyàn àti ohun tó bá kọjú sí i ló ń mú gbóná. Bí ìgbà tí à ń yáná nínú ọyẹ́ ló rí: iwájú ẹni móoru, ẹ̀yìn ń gbọ̀n. Fún ẹni tó ń jókòó sójú kan ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, ó dára gan-an, torí ẹ lè lo èyí tí kò ju 500 wáàtì lọ kó kọjú sí yín, kí ìyókù yàrá tutù lọ. Fún pálọ̀ tí ọmọ mẹ́ta ti ń sáré kiri, owó dànù ni. Ojú rẹ̀ lè gbóná dé nǹkan bí 80 sí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí náà ẹ gbé e ga kọjá ọwọ́ ọmọdé.

Onífáànù ní tiẹ̀ máa ń fẹ́ ooru jáde wùù, ó sì ń pariwo. Mi ò lè gbà yín níyànjú láti fi sí yàrá tí ẹ ń sùn. Balùwẹ̀ ni ilé rẹ̀: irú èyí tí wọ́n kàn sókè ògiri, tí ẹ ń fi okùn fà tàn, tí ẹ sì máa pa bí ẹ bá ti nura tán.

Balùwẹ̀ kì í ṣe ibi eré. Òfin wáyà Ìlú Ọba pín in sí agbègbè. Ibi tó bá sún mọ́ ọpọ́n ìwẹ̀ tàbí ṣáwà, títí dé 60 sẹ̀ǹtímítà sí etí rẹ̀, tí kò sì ga ju mítà 2.25 lọ láti ilẹ̀, hítà tó bá máa wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àmì IPX4 ó kéré tán, kí ìtasí omi má lè ṣe é ní nǹkan kan. Wáyà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gba inú RCD kọjá, ohun tó máa já iná wẹ́rẹ́ tí iná bá fẹ́ gba ara èèyàn kọjá. Mo ti rí ẹni tó na ẹ̀sítẹ́ńṣàn láti kọ́rídọ̀ wọ balùwẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi omi tútù wẹ̀ dípò ìyẹn.

Hítà oníbíríkì

Àwọn fúláàtì àtijọ́ ni ẹ ó ti bá a. Iná òru tó pọ́ọ́kú ló fi ń mú bíríkì inú rẹ̀ gbóná, tí á sì máa tú ooru sílẹ̀ lójú mọmọ. Tí ẹ ò bá sí lórí Economy 7, ìyẹn ètò owó iná tó ń mú kí iná òru pọ́ọ́kú, tàbí irú rẹ̀, ẹ má rà á. Tí ẹ bá bá èyí tó ti wà ṣáájú ọdún 1974 nínú ilé, ẹ má tú u fúnra yín, asbestos, ohun tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, lè wà nínú rẹ̀.

Ibi tí ẹ máa kàn án sí

Ibí ni mo ti ń bá àwọn oníbàárà jà. Wọ́n fẹ́ kó wà lábẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì kí wáyà má baà gùn. Rárá. Ooru ń gòkè, ó sì máa yan sọ́kẹ́ẹ̀tì náà díẹ̀díẹ̀. Aṣọ fèrèsé kò gbọ́dọ̀ balẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀dì, àga àti ohunkóhun tó lè jó, ẹ jẹ́ kí mítà kan wà láàárín wọn. Ògiri plasterboard, èyí tó ń dún bí àpótí òfìfo tí ẹ bá kàn án, nílò ìṣó tirẹ̀, torí ìṣó lásán á fa hítà náà já bọ́.

Ti plọ́ọ̀gì ńkọ́? Fíùsì inú plọ́ọ̀gì Ìlú Ọba kì í ju 13 ampere lọ. Hítà 2 kílówáàtì ń fa bí 8.7, kẹ́tùlù 3 kílówáàtì ń fa 13. Tí àwọn méjèèjì bá wà lórí ẹ̀sítẹ́ńṣàn kan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 22. Kí n tó kọ́ṣẹ́, ní ọdún àkọ́kọ́ mi níbí, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe. Òórùn rọ́bà tó ń jó ló jí mi, ẹ̀sítẹ́ńṣàn náà sì ti yọ́ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ara ògiri tààrà ni kí plọ́ọ̀gì hítà máa wọ̀. Èyí tó sàn jù ni kí oníná so ó mọ́ ògiri pátápátá, pẹ̀lú súìṣì tó ní fíùsì tirẹ̀. Tó bá jẹ́ wáyà tuntun láti ilé fíùsì, tàbí iṣẹ́ nítòsí ọpọ́n ìwẹ̀, òfin ní kí wọ́n fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí ní England; oníná tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NICEIC tàbí NAPIT máa ń bá yín ṣe ìyẹn.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2022, hítà oníná kan tó ṣeé gbé kiri ló dá iná sílẹ̀ nínú ilé alájà 19 kan ní Bronx, New York. Èèyàn 17 ló kú, ọmọdé 8 wà lára wọn, ọ̀pọ̀ ìdílé tó ṣẹlẹ̀ sí sì ti Gáḿbíà wá. Ilẹ̀kùn tó yẹ kó pa ara rẹ̀ dé kò padé, èéfín sì gba ibẹ̀ gòkè. Mo máa ń rántí wọn tí ẹnì kan bá ní kí n jẹ́ kí òun fi hítà sílẹ̀ mọ́jú.

Ìtọ́jú

Nígbà tí ìyàwó mi bímọ, màmá mi wá bá wa wẹ ọmọ. Lọ́jọ́ kẹta, hítà yàrá kú. Mo tú u, mi ò rí nǹkan kan. Àṣé màmá ti ń sá ìró àti aṣọ ọmọ sórí rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán! Hítà náà gbóná jù, ohun tó ń dáàbò bò ó ti já iná. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Tí tiyín bá kú báyìí, ẹ pa súìṣì, ẹ mú ohun tó bò ó kúrò, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tó tún un tàn. Tó bá ń kú léraléra láìsí ohun tó bò ó, ẹ pe oníná. Mo so okùn tí wọ́n á máa sá aṣọ ọmọ sí sínú balùwẹ̀ fún màmá, níbi tí fáànù ti ń fa ọ̀rinrin jáde.

Eruku ni ọ̀tá kejì. Kí òtútù tó dé, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀rọ agbálẹ̀ fa eruku ojú ihò òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nu ara rẹ̀. Ẹ má fín omi tàbí oògùn ìnulé sí i. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá tàn án, òórùn eruku tó ń jó máa jáde fún ìgbà díẹ̀, ìyẹn ò burú. Òórùn rọ́bà tàbí ẹja yíyan ló burú. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ẹ fọwọ́ kan plọ́ọ̀gì: ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, àmọ́ tí ẹ ò bá lè gbé ọwọ́ lé e, ẹ pa á.

Ayálégbé ní England, láti ọdún 2020 ni òfin ti ní kí onílé jẹ́ kí wọ́n yẹ wáyà ilé wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ẹ béèrè ìwé náà. Tó bá sì jẹ́ àlòkù lẹ ra, ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀ lórí ìkànnì Electrical Safety First, bóyá wọ́n ti ní kí wọ́n dá irú rẹ̀ padà.

Ẹ̀yin tí ẹ̀gbọ́n yín fẹ́ kó hítà ránṣẹ́ láti Houston, ẹ ní kó máa lò ó lọ́hùn-ún. 120 volt ni wọ́n ṣe é fún. Lórí 230 volt tiwa níbí, agbára tó máa fà á tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, wáyà inú rẹ̀ ò sì ní pẹ́ tó fi jóná. Yíyí orí plọ́ọ̀gì padà kò wo ìyẹn sàn.