Bí Thunderbird ṣe ṣí àpò lẹ́tà ẹgbẹ́ wa

Kí WhatsApp tó gba ìjíròrò lọ́wọ́ gbogbo wa, Google Groups ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ìwé wa fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹnì kan á kọ lẹ́tà sí àdírẹ́sì kan ṣoṣo, lẹ́tà náà á sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ìbáà jẹ́ Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé tàbí Houston. Ọdún mẹ́jọ la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n yàn mí sípò akọ̀wé, tí ìgbìmọ̀ sì ní kí n wá àkọsílẹ̀ owó tí a dá fún òrùlé ilé ìkàwé jáde, mo mọ̀ pé inú àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn ló wà. Mo pinnu láti kó gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà mi. Kíkó o kò nira rárá. Kíkà á ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi, títí mo fi rí Thunderbird, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ka ímeèlì, èyí tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí.

Google Takeout, tí Google gbé jáde ní ọdún 2011, ni a fi ń kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà gẹ́gẹ́ bí olóhun gúrúùpù nìkan ló lè kó lẹ́tà inú rẹ̀, nítorí náà mo kọ́kọ́ bẹ ẹ̀gbọ́n tó dá a sílẹ̀ pé kí wọ́n fi orúkọ mi kún àwọn olóhun. Mo pa àmì orí gbogbo nǹkan yòókù rẹ́, mo fi ti Groups nìkan sílẹ̀, mo sì dúró de ímeèlì tó ní ẹrù ti ṣe tán. Ẹ má fi dáńlóòdù rẹ̀ falẹ̀, nítorí líǹkì náà kì í pẹ́ kó tó kú. Nínú fáìlì zip yẹn ni ẹ ó ti rí fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .mbox, èyí tó kó lẹ́tà sínú, àti àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí Excel lè ṣí. Ímeèlì gbogbo ènìyàn wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jù ú sórí WhatsApp.

Mbox ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rò pé ẹrù àwọn ti bàjẹ́. Ọ̀nà ìpamọ́ lẹ́tà àtijọ́ ni, láti ayé Unix, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà láyé àtijọ́: wọ́n to gbogbo lẹ́tà tẹ̀lé ara wọn nínú fáìlì kan gbọọrọ, ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "From" àti àlàfo kan ló sì ń fi hàn pé lẹ́tà mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi Notepad, ètò Windows tí a fi ń ka ọ̀rọ̀ lásán, ṣí tiwa. Níbi tí olóògbé alága wa ti kọ "Ẹ kú", ohun tí mo rí ni "=E1=BA=B8 k=C3=BA". Àyà mi já. Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ nígbà náà: lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì wa tó ní àmì lórí tàbí lábẹ́ kò sí lára ìwọ̀nba lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì tí ímeèlì mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà wọ́n máa ń sọ wọ́n di nọ́ńbà kí wọ́n lè rin ọjà íntánẹ́ẹ̀tì já láìfarapa, kí ẹni tó gbà á tó dá a padà sí lẹ́tà. Lẹ́tà "Ẹ" nìkan gba nọ́ńbà mẹ́ta. Àwòrán tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí báìtì mẹ́ta (báìtì ni ìwọ̀n kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nǹkan) máa ń di lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, fọ́tò kan ṣoṣo sì lè gba ojú ìwé rẹpẹtẹ tí ẹnikẹ́ni kò lè kà.

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan gba owó lọ́wọ́ mi, wọ́n sì tẹ ojú ìwé ogún jáde bó ṣe rí yẹn gan-an. Ètò kan tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi lẹ́tà díẹ̀ hàn mí, ó sì ní kí n fi dọ́là ra èyí tó kù. Àwọn mìíràn ní kí n gbé fáìlì náà sórí ojúewé tiwọn, wọ́n á bá mi tú u. Èyí ni mo kọ̀ pátápátá, nítorí nọ́ńbà àkáǹtì àti ti fóònù àwọn àgbà ẹgbẹ́ wà nínú lẹ́tà wọ̀nyẹn, n kò sì ní àṣẹ láti fi wọ́n lé àjèjì lọ́wọ́.

Ọ̀fẹ́ ni Thunderbird. Láti ọ̀dọ̀ Mozilla ló ti wá, oṣù Kejìlá ọdún 2004 ni ẹ̀yà rẹ̀ àkọ́kọ́ tó pé jáde, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Ètò tí a fi ń gba ímeèlì ni, nítorí náà yóò béèrè àdírẹ́sì yín bí ẹ bá kọ́kọ́ ṣí i. Ẹ lè fo ìyẹn. Ẹ wá àfikún tí wọ́n ń pè ní ImportExportTools NG níbi àwọn àfikún rẹ̀, ẹ fi í sí i, kí ẹ wá fi ọ̀tún máòsì tẹ Local Folders, kí ẹ sì yan kí ó gba mbox wọlé. Orí kọ̀ǹpútà nìkan ni ọ̀nà yìí ti ṣe é gbà. Ẹni tí kò ní ju fóònù lọ yóò ní láti yá ti ẹlòmíràn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ ìwé yìí. Lẹ́tà olóògbé jáde pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará mi," bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà ayé wọn, fọ́tò tí wọ́n so mọ́ ọn sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ṣe é tẹ̀ kó ṣí. Thunderbird ń to èsì sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó fèsì sí, nítorí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, èsì sì máa ń gbé nọ́ńbà lẹ́tà tó ń dá lóhùn dání. Ọ̀rọ̀ òrùlé tò gbọọrọ bí ìgbà tí a jókòó yí ká tábìlì. Ibi tó ti já ni ibi tí ẹnì kan ti kọ lẹ́tà tuntun dípò kó fèsì.

Aago tí ẹ ó rí jẹ́ ti kọ̀ǹpútà yín: lẹ́tà tí wọ́n kọ ní aago méje àárọ̀ l'Ékòó lè di òru fún ẹni tó ń kà á ní Houston, ẹ kíyè sí ìyẹn bí déètì bá ṣe pàtàkì. Wíwá ọ̀rọ̀ náà gba sùúrù. Ọ̀pọ̀ nínú wa kọ "owo" láìfi àmì sí i, owó sì lè jẹ́, ọwọ́ lè jẹ́, ọ̀wọ̀ pẹ̀lú lè jẹ́. Kódà àwọn tó fi àmì sí i kò tẹ̀ ẹ́ bákan náà, nítorí kọ̀ǹpútà lè tọ́jú "ọ́" ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ bí ojú kò tilẹ̀ rí ìyàtọ̀. Orúkọ ẹni tó kọ lẹ́tà àti ọdún tó kọ ọ́ ni mo fi ń wá, mo sì ń ka èyí tó bá jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àfikún yẹn kan náà ló bá mi sọ àwọn lẹ́tà òrùlé di PDF fún ìgbìmọ̀. Fáìlì zip àkọ́kọ́ wà lórí fláàṣì láìfọwọ́kàn, ẹ̀dà rẹ̀ ni mo fi ṣiṣẹ́.

Ní ìpàdé wa tó kọjá, mo ka àkọsílẹ̀ náà síta. Ẹ̀gbọ́n wa kan ti ń sọ láti ọdún pípẹ́ pé àwọn san owó tiwọn, akápò àná kò sì rí i nínú ìwé. Lẹ́tà wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú déètì, fọ́tò tẹ́là báǹkì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì kà á lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gbé e fún ẹni tó jókòó tẹ̀lé wọn.