Oṣù mẹ́rin tí mo fi kọ́ bí a ṣe ń mọ̀ pé àlá la wà: èyí tó ṣiṣẹ́ àti èyí tó jẹ mí lówó

Bí wọ́n bá tọ́ yín nílé àdúrà bíi tèmi, ẹ ó mọ̀ pé àlá kan wà tí a kì í fẹ́ rọ́ fún ará ilé: kí abilékọ tó ti bímọ méjì bá ara rẹ̀ nínú yúnífọ́ọ̀mù, lórí àga ìdánwò, láìní bírò lọ́wọ́. Màmá mi ní ẹ̀mí ìfàsẹ́yìn ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti gbààwẹ̀ lé e lórí. Ṣùgbọ́n aránṣọ ni mí o, ìtòsí Tákíè níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ilé-ìwé bá sì ti ń múra àtiwọlé lóṣù kẹsàn-án, yúnífọ́ọ̀mù ni mò ń rán tọ̀sán tòru. Mo máa ń rò ó nínú ara mi pé bóyá iṣẹ́ ló ń tẹ̀ lé mi wọ ojú oorun. N kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ létí wọn.

Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní LAUTECH ló wá gba ṣòkòtò lọ́jọ́ kan, tó ní, "Àǹtí mi, èèyàn lè wà nínú àlá kó sì mọ̀ pé àlá ni. Tẹ́ ẹ bá ti mọ̀, ẹ kàn bọ́ aṣọ yẹn sọnù." Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, pé àwọn òyìnbó ń pè é ní lucid dream, àti pé dókítà ará Netherlands kan, Frederik van Eeden, ló fún un lórúkọ yẹn lọ́dún 1913. Èmi ń pè é ní àlá àmọ̀ọ́mọ̀lá.

Ìtàn tó mú mi gbà ni ti onímọ̀ kan tó ń ṣèwádìí oorun, Keith Hearne. Lọ́dún 1975, ní yunifásítì Hull nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lẹ wáyà mọ́ orí ọkùnrin kan, Alan Worsley, tí irú àlá yìí ti mọ́ lára. Wọ́n jọ ṣàdéhùn pé bó bá ti mọ̀ pé òun ti wà lójú àlá, kó máa yí ẹyinjú sọ́tùn-ún sósì. Ẹyinjú ni wọ́n mú, nítorí pé bí a bá ń lálàá, ọpọlọ máa ń ti iṣan apá àti ẹsẹ̀ pa kí a má baà dìde máa sáré ká yàrá, ṣùgbọ́n kì í ti ti ojú. Worsley yí ojú rẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ, ẹ̀rọ gbà á sílẹ̀, oorun ló sì ń sùn. Stephen LaBerge, onímọ̀ oorun ará Amẹ́ríkà, náà ṣe é ní yunifásítì Stanford nígbà tó yá. Lọ́dún 2021 ni àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mẹ́rin tún gbé tiwọn jáde: wọ́n bi ẹni tó ń lálàá pé bí a bá yọ 6 kúrò nínú 8, mélòó ló kù, ó sì fi ojú dáhùn pé 2, láìjí. Mo ní bí èèyàn bá lè ṣe ìṣirò lójú oorun, èmi náà á lè bọ́ yúnífọ́ọ̀mù.

Ìwé ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé ọmọléèwé lásán, pẹ́ńsù lára rẹ̀, mo tì í sábẹ́ ìrọ̀rí. Òfin rẹ̀ ni pé tí o bá ti ta jí, má yí padà, má wo fóònù, má dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Dùbúlẹ̀ bí o ṣe wà, kí o máa fa àlá náà bọ̀ láti ìdí rẹ̀ bí ẹni fa òwú kúrò lára aṣọ tí kò fẹ́ kó já. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ohun tí mo rí kọ ò ju "Òjò. Ìyá kan. Mi ò rántí." Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mò ń kọ ojú ewé méjì. Mo wá jókòó lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ka gbogbo rẹ̀: àlá 31, yúnífọ́ọ̀mù wà nínú 9, oníbàárà tó ń pariwo pé aṣọ òun dà wà nínú 11! Ẹ ẹ̀ rí i pé iṣẹ́ ni? Ohun tó ń padà wá léraléra bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kí o fi ṣe àmì. Bí ó bá kù sí èmi nìkan, ìwé yìí ni mo fún ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, torí kò sí èyíkéyìí nínú àwọn tó kù tó máa ṣiṣẹ́ láìsí i. Àlá tí o kò lè rántí, báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀ pé o mọ̀ nínú rẹ̀?

Èkejì ni àyẹ̀wò ojú-ayé. Lọ́sàn-án, kí o máa bi ara rẹ pé, "Ṣé àlá kọ́ nìyí?" kí o sì yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́. Ọ̀kan tí wọ́n fẹ́ràn ni pé kí o tẹ bọ́tìnnì iná, torí pé iná kì í sábà gbọ́ràn lójú àlá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ èyí? Bí mo bá fi iná ìlú yìí díwọ̀n, àlá ni mo wà láti àárọ̀ Mọ́ńdè títí di alẹ́ Fúráìdé. Mo fi ìyẹn sílẹ̀. Èyí tí mo mú ni kíka ìka ọwọ́, torí ìka máa ń lé tàbí kó dín lójú àlá, àti kí n di imú mi pọ̀ kí n gbìyànjú láti mí. Lójú ayé, kò ní ṣeé ṣe. Lójú àlá, èémí á máa lọ geere. Kí n má baà gbàgbé, mo so ó mọ́ iṣẹ́: ìgbàkígbà tí mo bá ti fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, mà á dímú kọ́kọ́ná. Lọ́jọ́ kan oníbàárà kan ń wọn ara lọ́wọ́, ó rí mi tí mo dímú, ojú ẹ̀ yí padà. "Àǹtí, ṣé mò ń rùn ni?" Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ ẹ́ títí.

Kí n sọ òótọ́, odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi dímú, n kò rí nǹkan kan. Òun nìkan kò tó.

Ọ̀nà LaBerge ló ṣí i fún mi. Oorun kì í rí bákan náà láti alẹ́ títí di òwúrọ̀. Ó ń yípo, ìṣẹ́jú bí 90 ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí àlá sì máa ń pọ̀ máa ń kúrú ní àkọ́sùn, á wá gùn bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí o sùn tó wákàtí márùn-ún, kí o jí, kí o lajú fún ìgbà díẹ̀, kí o tún padà sùn. Bí o bá ti ń padà, kí o máa sọ gbólóhùn kan lọ́kàn, kì í ṣe bí ayékòótọ́, kí o sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ lọ ra nǹkan lọ́jà tí kò fẹ́ gbàgbé. Tèmi ni: "Àlá tí mo bá tún lá, mà á rántí pé àlá ni." Kí o sì fọkàn ya àlá tí o jí kúrò nínú rẹ̀, kí o rí ara rẹ níbi tó ti yẹ kó yé ọ pé àlá ni.

N kò nílò aláàmù púpọ̀. Aago mẹ́wàá àbọ̀ ni mo ń sùn, aago mẹ́rin ni mò ń jí, mà á tàn tọ́ọ̀ṣì, mà á ka ìwé àlá mi fún bí ogún ìṣẹ́jú, bí mo bá fi máa dùbúlẹ̀ padà, ìpè àsùbáà kì í pẹ́ dún. Ó máa ń bọ́ sí i fún mi gan-an, ó dà bíi pé ẹnì kan ń bá mi ṣọ́ àkókò. Ìgbà kẹrin tí mo ṣe é ló ṣẹlẹ̀.

Gbọ̀ngàn ìdánwò náà ni. Yúnífọ́ọ̀mù náà ni, funfun lókè, búlúù nísàlẹ̀. Mo ń wá bírò bí mo ṣe máa ń wá a, ni mo bá tẹjú mọ́ etí síkẹ́ẹ̀tì mi. Kò sí ojú rírán níbẹ̀. Aṣọ náà kàn pa dé ni, bí awọ ara. Mo yí inú rẹ̀ síta: wọn ò wíìfù ú, kò sí òwú kankan. Mo ní, "Ta ló rán irú èyí?" Lẹ́yìn náà mo ní, "Kò sẹ́ni tó rán an." Mo dímú, èémí ń lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí gbogbo ibẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀ lójijì, bí ìgbà tí wọ́n nu gíláàsì! Mo rí eruku lórí àga. Inú mi dùn débi pé mo pariwo, ariwo yẹn náà ló jí mi.

Gbogbo rẹ̀ lè má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń rẹ́rìn-ín bí wèrè, ọkọ mi ní ṣé kò sí o.

Ìdùnnú yẹn ni ìṣòro àwọn tó bá ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí o tètè máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ara wọn nínú àlá náà, tàbí kí o máa pòòyì, kí ọkàn má baà jáde. Ọwọ́ rírà ṣiṣẹ́ fún mi. Òòyì jí mi. Lẹ́ẹ̀kejì tí mo wọ gbọ̀ngàn yẹn, mo rawọ́, mo na ọwọ́ sẹ́yìn mi, àlùmọ́gàjí mi wà níbẹ̀ bí mo ṣe fẹ́, mo la síkẹ́ẹ̀tì yẹn láti etí dé ìbàdí. Ẹ fojú inú wò ó. Aṣọ tó ti ń dà mí láàmú lọ́dún mẹ́ta.

Kí ẹ má rò pé gbogbo òru ló ń ṣẹlẹ̀: nínú ìgbà 17 tí mo jí ní aago mẹ́rin, 4 ló bọ́ sí i. Denholm Aspy ní yunifásítì Adelaide ní Ọsirélíà pa àyẹ̀wò, jíjí àti gbólóhùn yìí pọ̀ fún àwọn kan tó dán an wò. Nínú àbájáde tó gbé jáde lọ́dún 2017, ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣẹ, ṣùgbọ́n àwọn tó sùn padà láàárín ìṣẹ́jú 5 lẹ́yìn gbólóhùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì, 46. Èyí bá tèmi mu. Òru tí mo bá jí tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro gbèsè òwú àti owó ilé, kí n kúkú dìde gbálẹ̀ ló dáa.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, ibi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ. Lẹ́ẹ̀kẹta tí mo mọ̀ pé àlá ni, àmàlà wà níwájú mi, gbígbóná, ewédú ń yọ̀ lórí rẹ̀. Gbogbo yín mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa oúnjẹ ojú àlá. Mo mọ̀ pé àlá ni, mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó gbé e fún mi yàtọ̀ sí ọpọlọ mi, síbẹ̀ n kò lè fọwọ́ kàn án. Mo bò ó. Ẹ̀kọ́ ilé le jù.

Ọ̀nà tí n kò ní í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi bẹ̀rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ní kí o dùbúlẹ̀ gbalaja, kí ara sùn kí ọkàn má sùn, títí àlá á fi ká ọ mọ́ níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ṣe é. Etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ara mi kò gbé mọ́, nǹkan jókòó lé mi láyà, ẹnì kan sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ogun òru tí àwọn bàbá wa ń sọ nìyẹn. Àbúrò mi ti ṣàlàyé tẹ́lẹ̀ pé iṣan tí ọpọlọ tì pa ni, pé ojú là kí ọpọlọ tó ṣí i ni, pé kí n rọra máa mi ọmọ-ìka ẹsẹ̀, yóò lọ láìpẹ́. Gbogbo àlàyé yẹn fò lọ. Jésù ni mo pè. Ó lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò sùn mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí owó mi lọ. Ìbòjú kan wà tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ₦19,500 ni mo rà á. Wọ́n ní ó máa mọ̀ bí ẹyinjú bá ti ń yí, á tan iná pupa pìrìpìrì, iná náà á wọ inú àlá, ìwọ á sì mọ̀. Ọgbọ́n náà kì í ṣe irọ́, LaBerge náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Tèmi ni kò mọ ojú yàtọ̀ sí ìrọ̀rí. Ó ń tanná nígbà tí mo lajú tí mò ń wo àjà, bátìrì rẹ̀ kì í rí aago méjì òru, ooru oṣù kẹta láìsí fáànù sì sọ ojú mi di ìkòkò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni iná rẹ̀ wọ inú àlá mi. Ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo kígbe pé, "Wọ́n ti mú iná dé!" mo sáré lọ ki áyọ́ọ̀nù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ. Ẹni tó tà á kò gbé ìpè mi mọ́ láti ìgbà yẹn. Mo tú rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti wà ní ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì ọmọ kan báyìí, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀.

Oògùn kan tún wà tí àwọn kan ń lò, galantamine, tí wọ́n ṣe fún àwọn àgbà tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà. N kò dán an wò, n kò sì ní í dán an wò. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í sábà balẹ̀, tàbí tí ojú rẹ̀ ti ń rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, kó má dá àlá àmọ̀ọ́mọ̀lá yìí láṣà rárá, kó lọ rí dókítà. Àwa tó kù náà, oorun la fi ń san án. Nígbà tí mo ń jí lójoojúmọ́, mo gé apá búbà oníbúbà kúrú, èmi ni mo ra aṣọ mìíràn. Òru Fúráìdé mọ́jú Sátidé nìkan ni mò ń ṣe é báyìí, torí n kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù kí aago mẹ́wàá tó lù.

Màmá bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá àlá ilé-ìwé yẹn ṣì ń wá. Mo ní ó ń wá, ṣùgbọ́n mo ti ń mú àlùmọ́gàjí lọ pàdé rẹ̀. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Àmín lórúkọ Jésù."