Ẹ̀rọ CNC 3018: ó gbẹ́ pákó dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ tún eré rẹ̀ tò

Fún ẹni tó ń gbẹ́ orúkọ, àmì ẹ̀yẹ tàbí èdìdì ní Ṣómólú, ẹ̀rọ CNC 3018, ẹ̀rọ agbẹ́gi kékeré tí kọ̀ǹpútà ń darí, tó iṣẹ́ ṣe. Ojú iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 300 × 180 mm, irin rẹ̀ sì dúró re fún iye tí wọ́n ń tà á. Eré tí àwọn tó ń tà á sábà máa ń tò sínú rẹ̀ ni kò tẹ́ wa lọ́rùn.

Ẹ so ó mọ́ laptop, ẹ kọ $$ síbi àṣẹ. Gbogbo ètò GRBL, ìyẹn sọ́fítíwià tó ń darí ẹ̀rọ náà láti inú bọ́ọ̀dù rẹ̀, á yọ. Ẹ kọ́kọ́ wo $100, iye ìṣísẹ̀ tí mọ́tò X máa gbé kí ẹ̀rọ tó rin 1 mm. Mọ́tò stepper máa ń gbé ìṣísẹ̀ 200 kó tó yípo lẹ́ẹ̀kan; driver, èyí tó ń fún mọ́tò níná, á gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí 16, ó di 3200. Bí ọ̀pá skúrù bá ń ti ẹ̀rọ lọ ní 4 mm lẹ́ẹ̀kan tó bá yí, 800 ni $100 gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí ẹ bá ní kó rin 100 mm tó rin 98, ẹ má sọ 800 di 816 láti fi tàn án. Ọ̀pá skúrù kì í ṣàdédé kúrú. Ẹ fún skúrù kéékèèké tó di ọ̀pá mọ́ mọ́tò le, òun ló sábà máa ń tú.

$110, $111 àti $112 ni eré tó pọ̀ jù tí X (ọ̀tún sí òsì), Y (iwájú sí ẹ̀yìn) àti Z (òkè sí ìsàlẹ̀) lè sá, ìyẹn iye mm ní ìṣẹ́jú kan. Bí mọ́tò bá ṣe ń yí kánkán sí i ni agbára rẹ̀ ń dín kù, torí iná kì í ráyè kún kọ́ìlì rẹ̀ kí ìṣísẹ̀ tó kàn tó dé. Bí eré bá pọ̀ jù, mọ́tò á ké, á gbọ̀n, á dúró sójú kan. Ẹ̀rọ ò ní mọ̀, torí kò sí ohun tó ń padà ròyìn fún un. Á máa gbẹ́ lọ níbi tí kò yẹ, lẹ́tà á wọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 500, kí ẹ máa fi 100 kún un. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì síbi tó wà, ẹ fi G0, àṣẹ ìrìn kánkán, rán X tàbí Y lọ 150 mm kó sì padà, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Iye tí kò bá ti bá àmì mọ́, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ kúrò. Kíkọ 3000 ò wúlò: lórí bọ́ọ̀dù Arduino Uno, GRBL ò lè rán ju nǹkan bí ìṣísẹ̀ 30,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn 2250 mm ní ìṣẹ́jú kan.

Èyí tí wọ́n ń gbàgbé jù ni $120 sí $122, bí ẹ̀rọ ṣe ń gbéra. Dánfó tó kún kì í fò dìde. Bó bá ń fo ìṣísẹ̀ ní kọ̀rọ̀ lẹ́tà nìkan, ìgbéra ni kí ẹ dín kù. 30 ló tẹ́ wa lọ́rùn. Bó bá ṣiṣẹ́ dáadáa fún ogún ìṣẹ́jú kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ooru driver ni. Ẹ kọ fáànù sí i.

Iná Èkó ni ẹ̀rọ yìí ò lè fara dà. Mọ́tò ń jẹ 24 V láti ara ògiri, ṣùgbọ́n laptop ló ń fún ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù níná. Bí NEPA bá mú iná lọ, mọ́tò á kú, bọ́ọ̀dù á ṣì máa ka ìṣísẹ̀ lọ. Bí iná bá dé, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò yẹ, bíìtì tó ń gbẹ́ pákó á kán. Ẹ gbé adaptor 24 V náà sórí inverter kí ẹ tó ra bíìtì kejì.