Òdòdó tẹ̀tẹ̀règún tí a fi bàbà rọ: àgbéyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà

Ó ti pé oṣù mẹ́fà tí mo ti ń lo yẹtí kan àti ẹ̀gbà ọrùn kan tí mo rà lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọnà kan ní Adó-Èkìtì, tí ó ń fi bàbà rọ àwọn òdòdó inú igbó wa. ₦22,000 ni mo san fún méjèèjì, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yẹtí náà yọ mí lẹ́nu.

Kí n tó sanwó, mo lọ jókòó ní ìsọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Odidi ọ̀pá tẹ̀tẹ̀règún kan tí ó gé lẹ́bàá odò lọ́nà Ìkọ̀gọ̀sì wà nínú ike omi níwájú rẹ̀, ó sì ń wò ó bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá mọ tẹ̀tẹ̀règún mọ̀ pé ewé rẹ̀ kì í yọ lọ́tùn-ún lósì. Ṣe ni ó ń yí ọ̀pá po lọ sókè bí àtẹ̀gùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ṣe yí wáyà bàbà ẹ̀gbà ọrùn mi po, tí ó wá fi òdòdó kan ṣoṣo lé e lórí, tí ètè rẹ̀ fẹ̀, tí ó sì fẹ́lẹ́ bíi bébà. Òdòdó róòsì ni àwọn mìíràn máa ń rọ, èyí tí kì í hù nínú igbó Èkìtì rárá.

Bí òòlù bá ti ba bàbà fún ìgbà díẹ̀, ara rẹ̀ á le, bí a bá sì tẹra mọ́ lílù ú, á sán. Nítorí náà ni ó ṣe ń dá a padà sínú iná títí yóò fi pọ́n bí ẹyin iná, kí ó tó rì í bọ omi, kí ara rẹ̀ lè tún rọ̀. Ẹni tí ó ti rí alágbẹ̀dẹ tí ń ti àdá gbígbóná bọ omi yóò rò pé líle ni yóò le, ṣùgbọ́n ti bàbà yàtọ̀ sí ti irin. Mo kà á: ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ètè òdòdó kan yẹn wọ iná.

Àléébù ibẹ̀ ni pé bàbà ni ó fi ṣe ìkọ́ yẹtí náà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, etí bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, àwọ̀ ewé sì hàn níbi tí ìkọ́ wà, nítorí òógùn máa ń mú bàbà yọ àwọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ara. Ó yẹ kí ó ti sọ èyí fún mi kí n tó rà á. Nígbà tí mo gbé e padà, ó fi ìkọ́ fàdákà pààrọ̀ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, etí kò sì yún mi mọ́.

Ẹ̀gbà ọrùn náà máa ń ṣú. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ni mo fi ń fọ̀ ọ́, tí mo sì ń ṣan án, tí mo ń nù ún gbẹ. Kíá ni pípọ́n rẹ̀ ń padà. Ṣùgbọ́n mo fi dúdú tí ó wà láàárín ìyípo ọ̀pá náà sílẹ̀, torí ó jọ òjìji abẹ́ igbó.

Mo ti bẹ̀ ẹ́ kí ó bá mi rọ òdòdó ewé eéran, èyí tí í máa ń yọ nítòsí ilẹ̀ lábẹ́ ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, tí ọ̀pọ̀ wa tí ń já ewé náà nínú oko kòkó kò kíyè sí rí. Ó ní kí n dúró di ìgbà tí yóò tanná, nítorí òun kì í rọ ohun tí kò bá sí níwájú òun.