Kíìtì EZ DNA Methylation-Gold lórí transposon ewéko: 4 nínú 5

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ewéko ṣì de transposon rẹ̀ (ègé DNA tó lè fò láti ibì kan sí ibòmíràn) mọ́lẹ̀, àmì methyl tó wà lórí C, ọ̀kan nínú lẹ́tà mẹ́rin DNA (A, C, G, T), lẹ máa wò. Kíìtì ilé-iṣẹ́ Zymo yìí ń fi kẹ́míkà bisulfite sọ C tí kò ní àmì di U, PCR (ọ̀nà tí a fi ń ṣe ẹ̀dà DNA) á sì kà á sí T. C tó ní àmì á dúró bó ṣe wà. Iṣẹ́ yẹn, ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìlò rẹ̀ kò le. Ẹ da omi 900 µl, M-Dilution Buffer 300 µl àti M-Dissolving Buffer 50 µl sínú CT Conversion Reagent, kí ẹ mì ín fún ìṣẹ́jú 10. Bí èérún díẹ̀ bá ṣẹ́kù, kò burú. Ẹ má gbé e síta gbalasa, kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀. 130 µl rẹ̀ ló ń lọ pẹ̀lú 20 µl DNA (200 sí 500 ng ló dára jù): 98°C fún ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà 64°C fún wákàtí méjì àbọ̀. Ẹ̀kán omi tó bá lẹ̀ mọ́ ìdérí kò ní yí padà, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yí túùbù náà kí gbogbo rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Inú M-Wash Buffer 6 ml, 24 ml ethanol gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá gbàgbé, DNA rẹ̀ á bá omi lọ.

CHH ni wàhálà wà. Nínú ẹranko, CG (C tí G tẹ̀lé) ni àmì náà pọ̀ sí. Ewéko ń fi í sí CG, CHG àti CHH (H ni A, C tàbí T), CHH yìí gan-an sì ni RNA kékeré onílẹ́tà 24 ń darí àmì sí lórí transposon. Lórí gbogbo genome (àpapọ̀ DNA) Arabidopsis, ewéko kékeré tí a fi ń ṣe ìwádìí, 24% nínú CG ló ní àmì, 1.7% péré nínú CHH. Bí 2% nínú C bá kọ̀ tí kò yí padà, irọ́ ti pọ̀ ju òótọ́ lọ nìyẹn: transposon tó ti jí, ẹ ó máa rò pé ó ṣì ń sùn.

Ẹ wo ACGTCAGCTA. Bó bá jẹ́ CG nìkan ló ní àmì, ACGTTAGTTA ló yẹ kó jáde. Bí ẹ bá rí ACGTTAGCTA (C inú CTA, ìyẹn CHH, ṣẹ́kù), ẹ má tíì yọ̀. Ẹ yẹ DNA chloroplast (ẹ̀yà inú ewé tó ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ) tó wà nínú DNA kan náà wò ná. Chloroplast kò ní àmì, nítorí náà C yòówù tó bá ṣẹ́kù níbẹ̀, àṣìṣe ni. DNA tí kò mọ́ tó sábà máa ń wà nídìí rẹ̀, pàápàá èyí tó ti inú ewé gbígbó wá. Ẹ tún un fọ̀.

Primer (ègé DNA kúkúrú tó ń bẹ̀rẹ̀ PCR): lẹ́tà 26 sí 30, Y (C tàbí T) níbi C ti forward, R (A tàbí G) níbi G ti reverse. PCR yín kó má ju lẹ́tà 300 (bp) lọ, torí bisulfite ń fọ́ DNA wẹ́wẹ́. Ẹ má lo enzyme PCR tí a ń pè ní Pfu, ó máa ń dúró gbagidi bó bá pàdé U. Fún transposon tó ní ẹ̀dà púpọ̀, ẹ gbé primer kan kalẹ̀ sí ẹ̀yìn ààlà rẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àwọn ẹ̀dà tó ń sùn á bo èyí tó jí mọ́lẹ̀.

Máàkì kan tí a yọ, ti DNA tó ń fọ́ ni. Ẹni tó fẹ́ ka gbogbo genome látinú DNA tín-ín-rín, kó wá EM-seq, ọ̀nà ti enzyme.