Ọjọ́ kan pẹ̀lú àwọn ọmọ ní Xi'an: odi ìlú àti Mọ́ṣáláṣí Ńlá

Bí ẹ bá kó ọmọ lọ sí Xi'an ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, ẹ jẹ́ kí àárín ìlú gba odidi ọjọ́ kan lọ́tọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a sanwó fún amọ̀nà kan kó mú wa lọ wo àwọn ère ọmọ ogun alámọ̀ ti Qin Shi Huang, ọba Ṣáínà àtijọ́, èyí tí àwọn àgbẹ̀ tó ń gbẹ́ kànga kàn lábẹ́ ilẹ̀ ní 1974. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbà ọrùn ló kọ́kọ́ wà wá lọ. Wákàtí kan ààbọ̀ gbáko! Inú bí mi gan-an, torí pé nígbà tí a fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ère náà, ó ti rẹ àwọn ọmọ.

Lọ́jọ́ kejì, a dá ara wa mú jáde. Ẹnubodè Gúúsù la ti gun odi ìlú ní kùtùkùtù. Ìjọba Ming, ìdílé ọba kan ní Ṣáínà àtijọ́, ló mọ ọ́n, ó ti lé ní 600 ọdún. Ó ga tó mítà 12, bí ẹ bá sì yí i po, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 14. Wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ háyà lórí rẹ̀. Èmi àti àkọ́bí mi gun elérò méjì, ìyá wọn àti àbúrò rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn. Bíríkì ibẹ̀ rí gbágungbàgun, kò sì sí ibòji, nítorí náà ẹ dé fìlà, kí ẹ má sì gbàgbé páásípọ́ọ̀tù.

Ilé Agogo, tí wọ́n kọ́ ní 1384, ìta la ti wò ó. A gba ẹ̀gbẹ́ Ilé Ìlù wọ àdúgbò àwọn Mùsùlùmí Hui.

Mọ́ṣáláṣí Ńlá ni mi ò lè gbàgbé. Ìtàn ibẹ̀ sọ pé 742 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Kò sí òrùlé rìbìtì kankan níbẹ̀: àgbàlá lẹ́yìn àgbàlá ni, pẹ̀lú ẹnubodè onígi àti òrùlé tí etí rẹ̀ ká sókè bíi ti àwọn ará Ṣáínà. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kì í wọ inú gbọ̀ngàn ìrun. Èmi àti ọmọ mi ṣe àlùwàlá, a sì kí Àìlà pẹ̀lú wọn. Ó rọra fà mí láṣọ: “Bàbá, ìwọ̀-oòrùn lẹ kọjú sí.” Òótọ́ ni, nílé wa ní Ìbàdàn, ìlà-oòrùn la máa ń kọjú sí. Mo ṣàlàyé fún un pé Mẹ́kà wà láàárín àwa àti wọn. Al-Kùránì tí wọ́n gbẹ́ sára pákó ògiri, ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè fi sílẹ̀. Nígbà tí a ń jáde, bàbá arúgbó kan sálámà sí wa, a dáhùn, ó rẹ́rìn-ín, ó di ọmọ mi lọ́wọ́ mú fún ìgbà pípẹ́. Kò sí èdè mìíràn tí a jọ gbọ́.

Ẹran halal pọ̀ ládùúgbò náà. A jẹ yangrou paomo: èèyàn á fi ọwọ́ ara rẹ̀ rún búrẹ́dì líle wẹ́wẹ́ sínú abọ́, wọn á wá fi omi ọbẹ̀ ẹran àgùntàn sè é. Ọmọbìnrin mi rún tirẹ̀ gbàǹgbà-gbàǹgbà. Ìyá olóúnjẹ wo inú abọ́ náà, ó dá a padà fún un, ó sì jókòó tì í, wọ́n jọ rún un kúnná.